Nínú Ajá Onírùngbọ̀n Méjì, Èwo Ni Kí Àlájì Mú?

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú òjò, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Wọ̀rì níbí, lórí símẹ́ńtì tútù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Jámánì ti gba orúnkún lọ́wọ́ mi. Mo kí Ìyá àgbà, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ní kí wọ́n tún ìwé yìí kà fún àwọn lẹ́ẹ̀kejì. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí àbúrò mi tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù pé Yorùbá mi dà bíi ti ajíhìnrere tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú. Kó kà á dáadáa, kó wá àṣìṣe inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wa ní Wọ̀rì ni ẹ ti ń ka ohun tó yẹ kí n fi sínú àpòòwé. Ọ̀rọ̀ ajá yìí ti dé etí yín láti ẹnu ẹni mẹ́ta, ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì kò. Àlájì àbúrò yín sọ fún yín pé òun rí ajá tó dáa, èmi ni mò ń bà á jẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣífáwù, sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ kó ẹranko tó tó ọmọ màlúù wọlé ti òun. Ṣífáwù ọmọ wọn wá gba fóònù, ó da Píjìn bò yín bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀, lẹ bá bú sẹ́kún, lẹ pè mí nínú kíláàsì pé ta ló kú. Iwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ni mo ti ń bẹ̀ yín pé kò sẹ́ni tó kú. Títí dòní wọ́n ṣì ń bi mí pé, Àǹtí, màmá yín ti dákẹ́?

Ẹ̀yin náà wá pàṣẹ. Ẹ ní bí oṣù yìí bá tán tí kò sí ajá gidi nínú ilé yìí, kí n di ẹrù mi máa bọ̀, kí Ìyá Ṣífáwù náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé mi, kí Àlájì nìkan jókòó ti páànù àti símẹ́ńtì tó ń tà. Gbogbo wa la gbọ́. Ìyá Ṣífáwù tiẹ̀ ti gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sí àárín yàrá kí ọkọ rẹ̀ lè máa kọ ẹsẹ̀ lù ú. Ẹ rí i báyìí pé ajá tí ẹ̀ ń sọ yìí, òun ló máa sọ bóyá ilé yìí á wà tàbí á tú. Orí èmi ni gbogbo rẹ̀ sì já lé.

Iṣẹ́ ń lọ, bí a bá lè pè é ní lílọ. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Enerhen. Lọ́sẹ̀ tí ìlú bá rọ̀, kíláàsì mi kún. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ní ìbọn dún lápá odò, àga á ṣófo, àwọn tó bá wá á kàn máa wo ojú fèrèsé ni. Kónílé-ó-gbélé ti gé ìrọ̀lẹ́ wa kúrú. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ oríta Enerhen á ti máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì á ti máa pa iná, sójà á sì jókòó sórí àpò iyanrìn, á máa jẹ èyí tí wọn ò tà tán. Ní ti òjò, ti Wọ̀rì kì í wá kí èèyàn kó sì lọ, ó máa ń wá gbé ni. Aṣọ mi ò gbẹ rí. Mo ti mọ òórùn ara mi ní tútù.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tí a jọ dé ti wá ọ̀nà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí wọn ló pè wọ́n. Mo ṣẹ́ kù. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti mú mi lọ sí Jámánì ní kékeré, mo máa ń dá sọ Yorùbá fún ara mi nínú balùwẹ̀ kó má baà bọ́ lẹ́nu mi. Mo wá dé ilé àbúrò yín, mo ní mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo bá ń sọ Yorùbá, wọ́n ń fi Píjìn dá mi lóhùn. Àlájì nìkan ló ń sọ ọ́, ìgbà tó bá sì ń bínú ni, tó á wá di ògidì Ìjẹ̀bú tí mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Owó ìjọba pẹ́ kó tó dé, ẹja ọjà Pessu sì ti gbówó lórí nítorí ọkọ̀ ojú omi ò wọlé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ebi ò pa mí. Ìbéèrè ló ń pa mí.

Ilé wa ní Edjeba, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ilé ọ̀tún ti ṣófo, ilé òsì ti ṣófo, àwọn olè sì ti tú ilẹ̀kùn àti báṣíìnì ìfọwọ́ ilé ọ̀tún lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà yín, mi ò sì bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà àbúrò yín. Géètì iwájú, ágádágodo mẹ́ta. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, tó ṣí sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, kò sí ìdè kankan níbẹ̀, wáyà lásán ni wọ́n fi há a. Mo bi í pé, Àlájì, ṣé ọ̀nà iwájú nìkan ni olè mọ̀ ni? Ó ní ilẹ̀kùn èèyàn ni. Mo ní èèyàn wo? Ó ní kí n jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ajá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ajá.

Ẹnjiníà òyìnbó kan wà ní àdúgbò wa, ará Jámánì. Ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni mo ti pàdé rẹ̀. Ó ń fi èdè rẹ̀ bú búrẹ́dì tó ti bu, ó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́, mo bá fi èdè náà dá a lóhùn, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lu fíríìjì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí mi bí ọmọ ìyá. Ọdẹ ni nílùú rẹ̀, ó sì kó ajá ọdẹ méjì wá sí Wọ̀rì. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kí gbogbo òyìnbó máa lọ nítorí ìjínigbé, wọ́n ní ọkọ̀ òfúrufú tó máa gbé wọn kò ní gbé ajá. Ó wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun rí ọkùnrin kan tó ní oko ọ̀pẹ òyìnbó lọ́nà Sapele, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo lọkùnrin náà lè bọ́. Ó ní kí àwa kọ́kọ́ mú èyí tó bá wù wá, kí ìyókù máa lọ sóko. Ó tiẹ̀ kó méjèèjì wá bá wa gbé títí òun á fi di ẹrù tán, kí a lè fojú ara wa yàn.

Ìyá mi, ẹ ò rí irú ajá yìí rí. Irun wọn ò bò mọ́ra bíi ti ajá ilé wa. Ó le, ó dúró gán-ún bíi kànrìnkàn onírin tí ẹ fi ń họ ìdí ìkòkò. Ẹ̀gún ò lè wọ̀ ọ́, omi ò lè tètè kàn án lára. Méjèèjì ló ní irùngbọ̀n, irun sì ṣíji bo ojú wọn, wọ́n wá dà bí bàbá àgbà tí wọ́n fi oúnjẹ rẹ̀ falẹ̀. Akọ ni ọ̀kan, ìran ti Jámánì gan-an. Ó ga, irun rẹ̀ kúrú, ó ń rìn bí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́. Jámánì náà la kúkú ń pè é. Abo ni ìkejì, ìran mìíràn tí wọ́n ń pè ní Gírífọ́n. Ó kéré sí akọ díẹ̀, irun rẹ̀ gùn ó sì rí wúruwùru, irùngbọ̀n rẹ̀ sì kún débi pé tó bá mu omi tán, á gbé ìdajì omi náà rìn káàkiri, á máa kán tó, tó, tó. Ṣífáwù ní irùngbọ̀n yẹn gan-an ni bàbá òun ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé. Bàbá rẹ̀ gbọ́. Bàtà ló fi dá a lóhùn, ó sì tàsé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Wọ́n ní èmi tí mo gbé láàárín àwọn tó ni ajá, kí n sọ èyí tó dáa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orí àjà kẹrin ni a gbé ní Jámánì, pé onílé wa ò tiẹ̀ gba ológbò láyè. Àlájì ní kí n má ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Mo bi òyìnbó, mo wá ìwé kà, mo padà wá jíṣẹ́ bí olùkọ́: mo ní tí ẹ bá fẹ́ èyí tó máa lé olè, Jámánì ni, torí kì í fẹ́ràn àlejò. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó máa bá àwọn ọmọ gbé, Gírífọ́n ni, torí ara rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n gbọ́ tán. Àlájì wá ní, ẹ ṣeun, èwo wá ni kí a mú?

Àlájì ti lọ bá Áfà ní mọ́ṣáláṣí kó tó gbà rárá. Áfà ní ajá ọdẹ tàbí ajá tó ń ṣọ́ nǹkan kò burú, kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kan ibi tí wọ́n ti ń kírun. Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ irùngbọ̀n Gírífọ́n di ẹjọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, Àlájì ṣe àlùwàlá, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Gírífọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi wá kí i, omi irùngbọ̀n já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó padà lọ tún ẹsẹ̀ fọ̀. Ó jáde, ajá náà ti tún mumi, ó tún ń bọ̀ tayọ̀tayọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pàdé ara wọn títí àsìkò ìrun Aláásárì fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Jámánì ni òun ń mú, ó parí. Ìyá Ṣífáwù ní kò parí. Ó ní ojú tí Jámánì fi ń wo òun nínú kíṣíìnì, ọkọ òun ò fi irú rẹ̀ wo òun rí. Tí wọ́n bá mú un, òun ti gbé báàgì òun.

Ẹjọ́ mìíràn tún ti ọ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ wá. Obìnrin Íjọ̀ kan ń gbé lẹ́yìn ògiri wa, Ìyá Ebi, tó ń ta edé ní Pessu. Ó ń sin pẹ́pẹ́yẹ. Jámánì fo ògiri lọ, ó fẹnu gbé ọ̀kan wá láàyè, ìyẹ́ rẹ̀ kan ò já, ó gbé e sẹ́sẹ̀ Àlájì bí ẹni gbé ẹ̀bùn fún ọba. A sáré so ajá mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ ni Ìyá Ebi ti ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn wọlé, kò kàn án, kò ké àgò. Ó dúró síwájú Àlájì, ó fi Píjìn bi í bóyá owó Mẹ́kà ló tán tó fi ń rán ajá lọ jí pẹ́pẹ́yẹ opó. Àlájì ń tọrọ àforíjì, Ṣífáwù ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì. Ìyá Ebi gbé pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó bọ́ síta, ó tún wáyà há padà bí ẹni pé ilé tirẹ̀ ni. Mo rí i, mi ò ronú sí i. Ajá ló gba gbogbo ọpọlọ mi.

Àlájì wá ní níwọ̀n ìgbà tí Áfà ti sọ pé ajá ọdẹ, ó di dandan kí ajá náà ṣọdẹ, kí ó má lọ di ẹ̀ṣẹ̀ sí òun lọ́rùn. Ó mú Jámánì lọ sínú igbó tó wà lẹ́yìn àwọn ilé, ó ní kí n ká lọ torí èmi ni mo mọ èdè rẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí ajá náà dúró lójijì. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ìrù rẹ̀ le bí igi, kò mira. A pè é, kò gbọ́. Àlájì ní ẹ̀gún ti gún un. Ó ní kí èmi tí mo ti òkè òkun bọ̀ wò ó. Mo wo ẹsẹ̀ náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gún ni. Àlájì kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó lọ̀, ó di ẹsẹ̀ ajá mú, ó ń wá ẹ̀gún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀yà kan tó sanra fò yọ láti inú koríko iwájú wa, ó lọ. Ajá náà wo Àlájì, ó wo èmi, ó wá jókòó. Mo ti rí irú ojú yẹn rí, lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo bá yanjú ìṣirò kan tí kò yọrí. Nígbà tí mo sọ fún òyìnbó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ní bí ajá yẹn ṣe máa ń fi ibi tí ẹran wà han ọdẹ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀yà yẹn ń dàgbà sí i lẹ́nu Àlájì. Ó ti fẹ́ tó àgbò báyìí, èmi ni mo sì jẹ́ kó lọ.

Bí òyìnbó ṣe ku díẹ̀ kó lọ, Àlájì ṣe ìpinnu rẹ̀. Ó tú Jámánì sílẹ̀ nínú ọgbà kó mọ ààlà ilé, ó so Gírífọ́n mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọkùnrin oko lè wá mú un. Ìyá Ṣífáwù bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú báàgì. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìbọn dún lápá odò, tí kò sì dá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín bó ṣe rí. Àlájì ti ágádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa. Ìyá Ṣífáwù fi báàgì sílẹ̀, ó tẹ́ ẹní kún pálọ̀, ó gbé ìkòkò ńlá kaná, ó ń wọn ìrẹsì. Ìrẹsì náà pọ̀ ju wa lọ. Mo bi í pé ta la ń sè é fún. Ó wò mí bí ẹni wo àlejò, ó tún bu ìrẹsì kún un. Ni mo bá gbọ́ tí wáyà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń dún, ni mo sì gbọ́ Jámánì.

Kí n tó débẹ̀, ó ti débẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, eyín rẹ̀ jáde, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde bí ìgbálẹ̀. Ìyá Ebi ni mo rí níta, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń pariwo ẹkún. Màmá Tóju wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin Ìtsẹkírì tó ń ránṣọ ní òdìkejì òpópónà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yà àwọn obìnrin méjèèjì yìí gan-an ló ń yìnbọn síra wọn lójú odò. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú. Wọn ò lè wọlé, wọn ò lè padà. Àlájì ń fi Ìjẹ̀bú pàṣẹ fún ajá, Ṣífáwù ń fi Píjìn bẹ̀ ẹ́, ajá ò gbọ́ ti ẹnì kankan. Èdè Jámánì tí mo fẹ́ gbàgbé ni mo fi kígbe mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ṣì ń kùn. Mo di ọrùn rẹ̀ mú, ni àwọn obìnrin náà tó rí ọ̀nà kọjá.

Mo bínú sí ajá náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ tó mọ̀ ló ṣe. Àwa la fi í sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò ṣe fún títì.

Nínú pálọ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní kan náà, Íjọ̀ àti Ìtsẹkírì, wọ́n gbé ẹ̀yìn ti ògiri kan. Ìyá Ṣífáwù bu omi fún wọn. Nígbà tí èémí Ìyá Ebi balẹ̀, ó bá Àlájì sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ nínú rẹ̀ mọ́. Ó ní láti ìgbà ìjà àkọ́kọ́, kí òun tó sùn, òun máa ń wo ilẹ̀kùn kékeré yẹn láti fèrèsé òun, òun á mọ̀ pé ilé Yorùbá wà níbẹ̀ tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní tí Àlájì bá ti fi eyín sí i báyìí, kó sọ fún òun, kí òun lè mọ ibòmíràn tí òun á máa sá sí.

Gírífọ́n ti já okùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ ń kán sórí ẹní. Ó gbóòórùn Màmá Tóju, ó gbóòórùn Ìyá Ebi, ó wá dùbúlẹ̀ síwájú ọmọ tó ń sunkún. Ọmọ náà fa irùngbọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ajá kàn pa ojú dé. Mo ń dúró kí Àlájì sọ̀rọ̀ itọ́, kó sọ̀rọ̀ àlùwàlá. Ó ní kí Ṣífáwù lọ mú àkísà wá kó nu omi yẹn.

Ní ọjọ́ kejì tí ìbọn rọlẹ̀, Jámánì ni ọkùnrin oko mú lọ. Inú ọkùnrin náà dùn sí i. Oko fẹ̀, olè ọ̀pẹ òyìnbó pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní iṣẹ́ láti gba ibẹ̀ wọlé. Òyìnbó gbá ajá rẹ̀ mọ́ra, ó sunkún, Ṣífáwù náà sunkún, ó ní òjò ni.

Ẹ bi mí bóyá Gírífọ́n lè lé olè. Ohùn rẹ̀ ju ti Jámánì lọ, Ìyá mi. Tí ẹni tí kò mọ̀ bá kọjá lọ́nà, gbogbo Edjeba á gbọ́, ìyẹn náà sì lohun tí olè ò fẹ́. Ohun tí kò ní ṣe ni pé kó bu ẹni tó mọ̀ jẹ. Wọ́n ti gbé abọ́ omi rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn kékeré, kí irùngbọ̀n lè gbẹ kó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ṣífáwù tó ní òun ò ní fọwọ́ kan ajá láéláé, òun ló ń fi kóòmù tú irun rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń bú u, ó ń tú u. Báàgì ti padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àlájì sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ báyìí pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òun ti rí i pé Gírífọ́n ni, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó ti òkè òkun dé ló ń yọ òun lẹ́nu pẹ̀lú ìwé kíkà. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Mo jáde kí n má baà sọ̀rọ̀ sí àgbà.

Ohun kan ṣẹ́ kù tó ń dùn mí lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ebi ò gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́. Tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ, á yí lọ sí géètì iwájú, á kan ágádágodo bí àlejò. Àlájì ti ránṣẹ́ sí i, ó ti fi ìrẹsì ránṣẹ́, ó ti ní kí Ṣífáwù lọ sọ pé Jámánì ti lọ. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbọn tún dún. Kò sún mọ́ wa tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó dún. Ìyá Ṣífáwù gbé ìkòkò ńlá kaná. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bi í ní nǹkan kan, mo bá a wọn ìrẹsì. Màmá Tóju dé, ó jókòó. Ìyá Ebi ò dé. Àlájì gbé àpótí lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tú wáyà rẹ̀ kúrò pátápátá, ó jókòó síbẹ̀ nínú òjò wínníwínní. Gírífọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A dúró. Ìrẹsì jinná. Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé tí obìnrin yẹn bá sá gba ibòmíràn lọ, irú ajá tí a mú ò ní ìtumọ̀ kankan.

Ajá náà gbé orí sókè. Kò gbó. Ó dìde, ó dojú kọ ilẹ̀kùn, ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ó ń na Àlájì lójúgun. Àwa ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni a tó gbọ́ sílípáàsì nínú ẹrọ̀fọ̀, pá, pá, pá, ni ilẹ̀kùn sì ṣí. Ìyá Ebi ni, ọmọ lẹ́yìn, pẹ́pẹ́yẹ kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Ó wo ajá, ó wo Àlájì tí òjò ti pa, ó ní ṣé Àlájì náà ni wọ́n wá so mọ́ ibẹ̀ báyìí ni. Ó ní òun kó pẹ́pẹ́yẹ wá nítorí òun ò fọkàn tán ọ̀gá ajá.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ má pè mí wálé. Ajá ti wà. Kí ọdún àgùnbánirọ̀ mi pé ná, mo ṣì ní kíláàsì tó ń dúró dè mí, àti Yorùbá tí mo fẹ́ fi tipátipá kọ́ Ṣífáwù. Nígbà tí a ń jẹun lọ́jọ́ náà, Ìyá Ebi bi mí pé ta ló tọ́ Àlájì dàgbà tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lásìkò ìbọn. Mo sọ fún un pé nígbà tí ìyá yín lọ sí ìrìn àjò, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jẹun díẹ̀ sí i, ó wá ní kí n kí yín.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní gbọ́ ìró búburú láti Wọ̀rì, ojú yín ò ní ṣomi nítorí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilẹ̀kùn yín náà ò ní ṣí fún aburú. Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà, ẹ bá mi kí gbogbo ilé látọ̀dọ̀ àgbà dé ọwọ́ ọmọ. Àlájì ń kí yín, ìyàwó rẹ̀ ń kí yín, Ṣífáwù ní kí n fi Yorùbá kí yín dípò òun. Gírífọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi tán, ó gbé irùngbọ̀n lé orí ìwé yìí. Tí àmì rẹ̀ bá hàn nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má rò pé ẹkún ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́, ní Edjeba.